Ta Ni Yóò Kan Ilẹ̀kùn?

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe gidi ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa á kò sọ fún wa ohun tí òkété yóò ṣe bí ọmọ rẹ̀ bá wà ní Kánádà, tó jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Ní àgbègbè wa lónìí, láti Ìkìrun dé Ìníṣà, láti Ìníṣà dé Òkukù, títí kan Ìbà tí í ṣe ìlú bàbá mi, ẹ ó rí ilé yàrá mẹ́jọ, yàrá mẹ́wàá, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, tí wọ́n ṣe géètì sí, ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ mẹ́ta. Àwọn ọmọ tó kọ́lé ọ̀hún wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ déédéé. Owó kì í sì í kan ilẹ̀kùn.

Bí ẹ bá bi ará ilé wa, yóò ní kò sí ohun tó ń jẹ́ arúgbó adánìkanwà láàárín Yorùbá, pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó dá wà, a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní ibi iṣẹ́ wa títí omi fi bọ́ lójú wa. A ní òyìnbó ti sọ ìyá rẹ̀ nù, ó wá ń wá mínísítà tí yóò bá a wá a. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ojú ti èmi gan-an, bí ẹ óò ti rí i níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìtàn náà láti ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rí ni pé àjọṣe tó wà láàárín àwọn àgbàlagbà wa kì í ṣe ohun tó kàn hù bí olú inú oko. Àwọn èèyàn ló gbìn ín, ó sì nídìí tí wọ́n fi gbìn ín.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni ogun Jálumi jà ní ẹ̀bá Ìkìrun. Àwọn Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú wọn, ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ ló kó sínú odò Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Àwọn ìwé ìtàn a máa ka orúkọ àwọn balógun, ṣùgbọ́n èmi a máa ro ti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé eré. Òkukù tú. Àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìlú mìíràn ní àgbègbè Odò Ọ̀tìn kó lọ sí Ìkìrun lọ forí pamọ́, wọn kò sì rílé padà sí títí ogun Kírìjì fi túká ní 1893. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n sá dé ti di ẹni tó ń ro oko kí wọ́n tó padà. Ẹni tó ti darúgbó nígbà tí wọ́n ń lọ, ìlú onílùú ló kú sí, lábẹ́ òrùlé onílé. Nínú irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀, agbo ilé tí à ń fi yangàn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹni tí ẹ jọ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ti di ẹbí.

Wọn ò tíì simi tán tí ojú irin fi dé. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó wọ Ìlọrin ní 1908. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù oko lọ sí Èkó náà ló ń kó ọ̀dọ́ lọ. Àwọn kan gba ìsàlẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, àwọn kan gba òkè lọ sí Zaria àti Kánò. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní ayé òde òní yìí ló kọ́ àwọn ọmọ wa ní àti fi ìyá sílẹ̀ nílé, ẹ bá mi sọ fún un pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n Gánà ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó gba òmìnira ní 1957, tó ṣì ń jẹ́ Gold Coast, ni àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà, Ṣakí, Ìgbòho. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gánà ní 1960, àwọn Yorùbá ibẹ̀ tó 100,000. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. S. Eades ṣe ìwádìí àwọn tó wà ní apá àríwá ilẹ̀ náà, ó sì gbé ìwé jáde lé wọn lórí ní 1993. Kò sí ọjà kékeré kan níbẹ̀ tí Yorùbá kò sí, tí wọn ò ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú, àwo tánganran, dígí, gbogbo wóróbo. Ìyá mi, ọmọ Ìníṣà, wà lára wọn. Tamale ló ti pàdé bàbá mi, ọmọ Ìbà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí ní 1961.

Ohun tí àwọn èèyàn yìí kò fi ṣeré nílẹ̀ àjèjì ni ìpàdé. Ará ìlú kan náà yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò dá owó, wọn yóò parí ìjà tọkọtaya, wọn yóò sin òkú, wọn yóò bá ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná dìde. Ẹni tí kò lọ sí ìpàdé, bí ó bá kú, ta ni yóò mọ ilé bàbá rẹ̀? Ìbẹ̀rù yìí gan-an ló so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mú ìyẹn dání.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rántí pé Màámi jókòó lórí àpótí, ó ń ka owó sídì, ó ń kà á lákàtúnkà bí ẹni pé yóò pọ̀ sí i. Ó ta ìdì aṣọ mẹ́rin ní iye tí kò tó ti ẹyọ kan kí á tó rówó ọkọ̀. A gba Tógò, a gba Dàhómì tí wọ́n wá sọ di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, a fi ọjọ́ mẹ́fà rìn. Nígbà tí a dé, ogun abẹ́lé kò tíì parí ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi mí ṣẹ̀sín nítorí Háúsá tó ń bọ́ sí mi lẹ́nu, wọ́n ń pè mí ní ọmọ Gánà. Tèmi tilẹ̀ kéré.

Ti àwọn ìyá wa ló le. Ọkùnrin tó ti Gánà dé, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló bọ̀ sí, yóò rí ibi kọ́ ahéré. Ṣùgbọ́n obìnrin bí ìyá mi, tó jẹ́ pé òde ló ti fẹ́ ọkọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilé ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti bí ọmọ mẹ́rin! Àwọn ìyàwó ilé kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò jọ pọn omi rí, wọn kò jọ gún iyán rí. Ó kí wọn, wọ́n dáhùn, ó parí síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, àwọn obìnrin mẹ́rìnlélógún tí ọ̀rọ̀ wọn jọra ní Ìbà bẹ̀rẹ̀ sí pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. Wọn kò wá orúkọ kankan fún un. “Ìpàdé” ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pè é ní Tamale. Ọmọ ìjọ wà níbẹ̀, onímàle wà níbẹ̀, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni wọ́n fi sí. Ìgbà tó yá, àwọn ará àdúgbò kọ́ gbọ̀ngàn kan, wọ́n sì kó lọ síbẹ̀.

Kò sí ẹni tó mọ̀wé nínú wọn. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, àkàrà mẹ́fà ni owó oṣù mi. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé-ìwé, èyí tó ní èèpo búlúù, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìwé náà ṣì wà. Ó wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí, ikán ti jẹ igun kan nínú rẹ̀. Àwọn ojú ewé tí ọmọ tó ṣáájú mi kọ, ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 tí ìjọba pààrọ̀ owó, náírà ni. Mo kọ ẹni tó dáwó, ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó bú ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ìpàdé. Mo kọ bẹ́ǹṣì mẹ́fà tí wọ́n rà àti ìkòkò ìrìn ńlá méjì, tí wọ́n ń fi rẹ́ǹtì fún olóde. Èsúsú ń lọ lábẹ́ rẹ̀, ẹni kan ń kó o lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. William Bascom, òyìnbó Amẹ́ríkà tó gbé láàárín wa, kọ̀wé lórí èsúsú ní 1952, ó sì mú kí ayé mọ̀ pé báńkì wa nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, “susu” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé èèpo búlúù yìí dáadáa yóò rí i pé owó kọ́ ni kókó. Owó ni okùn. Bí kò bá sí owó tí kálukú gbọ́dọ̀ mú wá, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí tí o kò fi wá.

Okùn náà a sì máa já. Ní 1975, obìnrin kan nínú wọn kó èsúsú tán, ó fi ra ọjà, ọjà náà sì wọmi. Kò rí owó dá mọ́. Wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta, wọ́n tún fún un ní oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ìyá ẹgbẹ́ ní kí n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo fi rúlà sí i, mo fi bírò pupa fa ìlà tó gún régé. Ìlà náà dára. Mo rántí pé inú mi dùn pé kò wọ́.

Mo kúrò ní Ìbà ní 1978 lọ kàwé sí i, ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ọjà, ọjà, ọjà. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1986, tí ètò ọrọ̀ ajé ìgbà Babangida mú kí owó wa yọ̀ bí iyọ̀, ohun tí ẹ ó máa rí ni: a lọ kí ti ìsàlẹ̀ ọjà, ẹsẹ̀ ń dùn ún. A ra gáàrì kóńgò méjì fún ìyá ìbejì. A sin ọkọ lágbájá. Ọkọ wọn ń kú, ọmọ wọn ń lọ. Ẹgbẹ́ oníṣòwò ti di ẹgbẹ́ àwọn tó dá wà, ìjókòó kan náà, bẹ́ǹṣì kan náà.

Ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí mo fa ìlà pupa lé orúkọ rẹ̀ kú sínú yàrá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní Kánò, ìkejì wà ní Èkó. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Adìyẹ rẹ̀ tí wọ́n há mọ́ ilé tí ebi ń pa ló ké tí àwọn ọmọdé fi lọ yọjú. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ń gbé ní ilé kejì sí i. Ó rí i pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó rò pé ó lọ sóko ni. Kò sì sí ohun tó mú un lọ́ranyàn láti wò ó, nítorí pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Màámi kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi nígbà náà. Nínú ìwé ni mo ti rí i lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ní ojú ewé tí ọ̀ṣẹ̀ tó tẹ̀ lé ikú náà wà. Òfin ni, mo sì kọ ọ́ síbí bí ó ti wà: “Kí oòrùn tó dé orí òrùlé, kí oníkálukú ti gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò bá mọ́, kí ẹni tó súnmọ́ ọn jù lọ kan ilẹ̀kùn. Ì báà dáwó, ì báà má dáwó. Ẹni tó bá rí i tí kò kàn án, náírà márùn-ún.”

Ì báà dáwó, ì báà má dáwó. Ẹ ṣáà wò ó.

Bí a bá sì rò ó, kì í ṣe ohun tuntun ni wọ́n ṣe. Kí ni ìkíni òwúrọ̀ wa ń béèrè? Ẹ jí bí? Ṣé àlàáfíà lẹ jí? Ara ń kọ́? A ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní Èkó, ọkọ̀ la fi ń fọn fèrè kí ara wa, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni lẹ́nu ẹni tó dá a sílẹ̀: ó fẹ́ mọ̀ bóyá o jí lóòótọ́. Àwọn ìyá yìí kàn mú un kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwà rere, wọ́n fi òfin àti owó ìtanràn tì í lẹ́yìn ni.

Wọn kì í sì í fi ọwọ́ nìkan kàn án. Oríkì ni wọ́n fi ń jí ara wọn, oríkì ilé bàbá ẹni tó wà nínú yàrá. Karin Barber, obìnrin òyìnbó tó gbé Òkukù láàárín 1974 sí 1977, tó wá gbé ìwé ńlá jáde lórí oríkì ní 1991, rí i pé ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ọkọ ti kú, tí àwọn ọmọ ń pè ní “Màmá” tí àwọn ọmọ-ọmọ ń pè ní “Grandma”, ta ló kù tó mọ̀ pé ọmọ olówó ibi báyìí ni? Ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Bí ìyẹn bá ti kú, ó di “Màmá” títí ayé.

Mo wá dé ibi tí ojú ti tì mí. Ní 2021, Màámi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo wakọ̀ lọ sí Ìbà, mo sì gbé e wá sí Èkó. Mo rò pé ohun tí ọmọ gidi ń ṣe ni mo ṣe. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì la ń gbé. Yàrá tirẹ̀ wà, tẹlifíṣàn wà, ọmọdébìnrin kan wà tó ń se oúnjẹ fún un. Èmi àti ìyàwó mi ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, a ń wọlé ní mẹ́jọ alẹ́.

Oṣù kẹrin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Ó ń gbá iwájú ilẹ̀kùn wa lójoojúmọ́, kọ́rídọ̀ oní táìsì tí ẹnìkan ti nù mọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a gbọ́ ariwo. Màámi ti kọjá sí ilẹ̀kùn tó dojú kọ tiwa, ó ń kàn án, ó ń kàn án. Ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀ jáde tòun ti pátá àwọ̀sùn, ó bínú gidigidi. Ó ní kí ni Màmá ń fẹ́ láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀?

Màámi ní, “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mi ò gbúròó yín láti ìjẹta. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ jí ni.”

Ọkùnrin náà wo èmi. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, pé àgbà ló ń bá Màmá jà. Mo fi ọwọ́ gbá ìyá mi mú bí ọmọdé, mo sì ti ilẹ̀kùn. Kò bá mi jà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Ilé yìí dára o, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú sínú ẹ̀ láàárọ̀, ta ni yóò mọ̀ kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé?”

Kó tó pé oṣù kẹsàn-án, mo dá a padà sí Ìbà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tí àwọn onímọ̀ sọ. Àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní nǹkan bí 2003 lórí àwọn tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí Yorùbá wà, Ọ̀ṣun wà lára rẹ̀. Èèyàn 2,152 ni wọ́n bẹ̀ wò. Ohun kan tó jáde nínú rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin tí àjọṣe wọn pẹ̀lú èèyàn kò dán mọ́rán ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń tètè kọlù. Ní Jàpáánì, ibi tí arúgbó pọ̀ sí, ọlọ́pàá ibẹ̀ kà á pé ó lé ní 76,000 èèyàn tó dá kú sínú ilé wọn ní ọdún 2024 nìkan, púpọ̀ nínú wọn sì ti lé ní márùndínláàádọ́rin. Wọ́n ní orúkọ pàtó fún irú ikú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ní erékùṣù Okinawa, ní Jàpáánì kan náà, àwọn àgbà ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní “moai”: wọ́n ń dá owó lóṣooṣù, ẹnìkan ń kó o, wọ́n sì ń wo ara wọn títí ọjọ́ ikú. Ẹ̀yin èèyàn mi, èsúsú nìyẹn! Wọn kò jí i lọ́dọ̀ wa, a kò jí i lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó ń lé ọmọ aráyé kó ara wọn jọ ló jọra.

Ìjọba náà ń gbìyànjú tirẹ̀, n kò ní bú wọn. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó kan ní 5,000 náírà lóṣù ní 2011. Ọ̀ṣun náà ṣe irú rẹ̀ nígbà ìjọba Aregbesola. Ìbàdàn ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní UCH láti 2012. Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ni okùn ti wá, bí gómìnà bá lọ, okùn a máa bá a lọ.

Nígbà tí mo dá Màámi padà, mẹ́ta péré ló kù nínú àwọn mẹ́rìnlélógún. Mo rò pé ìpàdé ti kú. Mo lọ sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Àìkú, mo bá èèyàn mọ́kànlá. Àwọn tí kò fojú kan Gánà rí ni ìyókù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì kan wà níbẹ̀. Ìyá kan wà tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún méje. Ó sọ fún mi pé ní Peckham, ilé kan wà tí wọ́n ti ń kó àwọn àgbà jọ ní gbogbo Ọjọ́rú, mọ́tò á wá gbé wọn, wọ́n á mu tíì, wọ́n á ta bíńgò, mọ́tò á tún gbé wọn padà. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ó ní ohun kan ló kù: bí ẹnìkan kò bá wá ní Ọjọ́rú yìí, wọ́n á ní bóyá ara rẹ̀ kò yá ni, ó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Kí n má sì parọ́ mọ́ òyìnbó, ó ní ilé náà móoru, oúnjẹ wà, nọ́ọ̀sì ń wá. Gbọ̀ngàn tiwa ń jò.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, káfíńtà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, wọ́n sì fi í sí àdéhùn pé fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò gbọdọ̀ bẹ ọmọdé.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n pè mí pé kí n wá tún òfin kọ sínú ìwé tuntun, pé ọwọ́ tíṣà ti ń gbọ̀n. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan nínú mẹ́fà ìgbà náà, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń pè. Òfin ìkànlẹ̀kùn ni wọ́n fi ṣáájú. Ìyá Lọ́ńdọ̀nù ní ayé ti yí padà, kí á fi kún un pé ẹni tí kò bá lè rìn lè fi fóònù pè. Ariwo sọ. Màámi, tó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, gbé ọ̀pá sókè títí gbogbo wọn fi dákẹ́. Ó ní ẹni tó ti ṣubú sílẹ̀, fóònù rẹ̀ a máa dún lórí tábìlì. Wọ́n dìbò. Fóònù kì í ṣe ilẹ̀kùn, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀, 200 náírà.

Bí mo ti fẹ́ pa ìwé dé, akápò béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà mélòó ni mo fi fóònù pe ìyá mi ní oṣù náà láìwá sílé. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ó ní kí n kọ orúkọ ara mi sí i, kí n sì mú 1,600 náírà wá. Mo san án.